Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Dán An Wò Tán

Gbogbo ìgbà tí àwọn tó ń ṣe Linux fífúyẹ́, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, àmọ́ tí wọ́n ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, bá ti kéde pé ẹ̀dà tuntun ò ní lè jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá mọ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń rọ́ dé: "Ìgbà wo wá ni?" "Ṣé ẹ ti pa iṣẹ́ náà tì ni?" "Kí lẹ tún ń dán wò látọjọ́ yìí?" Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fepo bọyọ̀: nínú gbogbo Linux tó wà láyé, èyí tó fúyẹ́ ló yẹ ká fún láyè jù lọ láti pẹ́.

Ẹ wo ẹni tó ń lò ó ná. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá ni, tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ò ju 1GB tàbí 2GB lọ, tí kò sì sówó òmíràn lọ́wọ́. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti RAM 4GB ó kéré tán. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ ń wá ibi tó máa yà sí, irú Linux yìí ló sì máa ń já sí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹ̀dà tuntun bá ba ọ̀kan náà jẹ́, kò ní òmíràn tó máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá bó ṣe máa tún un ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Èèyàn ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, Linux gbéra láti orí fláàṣì náà, ojú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ohun tí kò hàn sí i ni pé Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì báyìí kò lè kọ nǹkan kan padà sínú ara rẹ̀, nítorí náà gbogbo ohun tó bá yí padà, inú RAM ló ń kó o sí. Lórí ẹ̀rọ 1GB, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni ètò tó fẹ́ gbé Linux sórí hard disk á máa bá yí. Ètò náà béèrè bóyá kóun nu hard disk. Èèyàn ní kó nu ún, ó nu ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì kọ, ìlà tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ti kọjá ìdajì, àfi ìgbà tí ètò náà pòórá lójú, láìsọ nǹkan kan. RAM ló tán. Kernel, ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ohun tó ń gba RAM jù, ó sì pa á, bẹ́ẹ̀ ètò yẹn gan-an ló ń gbà á jù. Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò sì tíì dé. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ lẹ́tà láàárọ̀ ò ní nǹkan kan nínú mọ́ lálẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le rárá: kí ètò náà kọ́kọ́ tan swap, àyè orí disk tó ń ran RAM lọ́wọ́, kó tó dáwọ́ lé iṣẹ́, tàbí kó lo zram, èyí tó ń fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀ kí àyè lè wà sí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí àléébù náà? Ẹni tó ń kọ́ Linux ọ̀hún lórí ẹ̀rọ 16GB ò lè rí i láéláé. Tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, dá ẹ̀rọ 1GB sílẹ̀, ìyẹn lè fi hàn án. Àmọ́ àwọn àléébù míì wà tí VirtualBox ò lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Kò ní ìdérí téèyàn lè pa dé kó wá rí i pé ojú ẹ̀rọ dúdú, tí kò sì jí mọ́. Kò ní káàdì Wi-Fi Broadcom tí kò ní ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi fún un ní firmware tirẹ̀, ètò kékeré tó ń mú káàdì náà ṣiṣẹ́. Àwọn CPU Pentium M àkọ́kọ́ wà tí kì í sọ fún kernel pé àwọn ní PAE, ọgbọ́n kan tí CPU fi ń lo RAM púpọ̀, tí kernel tó bá béèrè PAE á sì kọ̀ láti gbéra lórí wọn. Àwọn láptọ́ọ̀pù kékeré tó ń lo Atom irú Bay Trail náà ń bẹ, 64-bit ni CPU wọn, ṣùgbọ́n UEFI, ètò tó ń tan ọ̀pọ̀ nínú wọn, jẹ́ 32-bit, irú àtijọ́, tí fláàṣì tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo ò ní hàn sí wọn rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níwájú kó tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́. Wíwá ẹni yẹn, kíkọ̀wé sí i, dídúró de èsì rẹ̀, títún nǹkan ṣe, kó tún lọ dán an wò padà: oṣù á kàn máa yí lórí ẹ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé àwọn kékeré nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá. Ubuntu 17.10, Linux tí ilé-iṣẹ́ Canonical ń ṣe, jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un gẹ́lẹ́, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Kí oṣù Kejìlá tó parí, Canonical ti yọ ọ́ kúrò níbi táwọn èèyàn ti ń dáńlóòdù rẹ̀, torí pé dráífà kan nínú kernel rẹ̀, intel-spi, ń ba BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, jẹ́ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, pàápàá àwọn Lenovo kan. Ẹni tó kàn ò lè yí nǹkan kan padà nínú BIOS rẹ̀ mọ́, àwọn míì ò tiẹ̀ lè tan ẹ̀rọ wọn láti orí USB mọ́. Oṣù Kíní ọdún 2018 ni wọ́n tó tún un gbé jáde. Canonical ní òṣìṣẹ́, ó lówó, ó sì ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Báwo la ṣe fẹ́ máa fi ọjọ́ halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe Linux fífúyẹ́ bí antiX tàbí Puppy, tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn?

Ìdí míì tí mo fi ń gbèjà àwọn tó ń pẹ́ ni ọ̀rọ̀ xz, ètò kan nínú Linux tó ń fún fáìlì pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, kéde fáyé pé ẹnì kan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú tó lè gbà wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn sínú xz. Ohun tó mú un fura ò ju pé SSH, ètò téèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ni ọ̀nà náà wà nínú wọn. Wọ́n ti wọ Debian testing, wọ́n ti wọ Fedora Rawhide, àwọn ẹ̀dà tí Linux ńlá méjì yìí, Debian àti Fedora, ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé Debian stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tán, tí àwọn bí antiX dúró lé. Ubuntu sún ẹ̀dà àdánwò 24.04 sẹ́yìn lọ́sẹ̀ kan, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, kí wọ́n lè tún àwọn páákéèjì kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní gbogbo ayé ló ń gba ohun tuntun lọ́jọ́ tó bá jáde ni, ibo là bá wà báyìí?

Debian kì í dá ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dá ohun tuntun dúró, wọ́n á máa pa àléébù tó burú jù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni wọ́n á tó pe ọjọ́. Àwọn Fedora máa ń ṣe ìpàdé kan tí wọ́n ti ń pinnu bóyá ó yá tàbí kò tíì yá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àléébù ńlá wà nínú OpenSSL, ètò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 2022, wọ́n sún Fedora 37 sẹ́yìn títí di ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí wọ́n máa pẹ́ títí láé o. Debian 3.0 jáde ní oṣù Keje ọdún 2002, 3.1 ò sì jáde àfi oṣù Kẹfà ọdún 2005. Ìyẹn ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀dà bá pẹ́ jù nílẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ti gbó kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ń dúró dè é; gbàrà tó bá gbé e sórí ẹ̀rọ tán ló máa ní láti dáńlóòdù ọ̀pọ̀ àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣiṣẹ́ náà ló sábà máa ń ṣọ́ dátà lò. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n gé ni ohun tuntun, kì í ṣe àyẹ̀wò. Àwòrán tuntun lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ tuntun, ètò kékeré tí ẹnì kan kọ lóṣù tó kọjá, gbogbo ìyẹn lè dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tàn, kí Wi-Fi ṣiṣẹ́, kí ètò tó ń gbé e sórí hard disk má kú lójú ọ̀nà, àwọn yẹn ò ṣeé sún di ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dá ọjọ́ tí ẹ ò ní lágbára lé lórí. Ẹ sọ ohun tó kù fún wa: "Àléébù mẹ́rin ló ń dá wa dúró, àwọn nìyí." Ẹni tó bá mọ ohun tó ń fa ìdúró, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìdákẹ́ ló ń bí wa nínú, kì í ṣe pípẹ́.

Àwa tó ń dúró náà ńkọ́? Ẹ̀dà àdánwò ń bẹ nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn ná, kí ẹ fi dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé fún iṣẹ́. "Kò ṣiṣẹ́" nìkan ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà, iye RAM rẹ̀, irú Wi-Fi rẹ̀, ohun tí ẹ tẹ̀ kó tó dákú, kí ẹ sì ṣẹ̀dà ohun tí dmesg, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ kernel hàn, sọ mọ́ ọn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ 32-bit tó ṣì ń tàn, tirẹ̀ ni wọ́n nílò jù báyìí, torí Debian 13 tó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ò ní kernel fún i386, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ 32-bit, mọ́. Linux fífúyẹ́ tó bá fẹ́ máa gbé àwọn ẹ̀rọ yẹn lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́ kernel tirẹ̀, òun náà ló sì máa dán an wò, lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin ló kù sí.