Kọ̀ǹpútà kì í jẹ mẹ́gà ju fóònù lọ

Ẹni tó bá ti fi fóònù fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì rí ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí, á ti gbọ́ ọ: "Tètè yọ ọ́, á jẹ forfait rẹ, dátà tó o rà, tán." Àwọn kan ní torí pé kọ̀ǹpútà tóbi ni. Àwọn tó ti lo clé USB, modẹ́ẹ̀mù kékeré tó ń gba SIM, rí ní tiwọn ní ó máa ń tẹ nọ́ńbà, *99#, kó tó wọlé, pé owó ìpè ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìtòsí Àkábá Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ni mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, mi ò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí, torí ẹ̀rù yìí ló ń mú kí ọmọ iléèwé máa fi àtàǹpàkò tẹ iṣẹ́ olójú ewé ogójì lórí fóònù.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Láyé ijọ́un, okùn tẹlifóònù ilé ni kọ̀ǹpútà ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń pe nọ́ńbà lóòótọ́, ẹ̀rọ mìíràn ń gbé e lọ́hùn-ún, bí aago ṣe ń lọ lowó ń lọ, ìyára rẹ̀ kò sì ju kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí modẹ́ẹ̀mù alágbèéká bíi clé USB yẹn dé, wọ́n fi nọ́ńbà títẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ètò tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà lè máa bá a ṣiṣẹ́. *99# kò pe ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ni fún modẹ́ẹ̀mù pé kó ṣí ọ̀nà dátà, ohun tó bá sì gba ọ̀nà náà kọjá ni wọ́n ń kà. Ẹ rántí 2018: owó orí tí ìjọba gbé lé Facebook àti WhatsApp lóṣù Kẹsàn-án, fránkì 5 lórí mẹ́gà kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka dátà, ni, kì í ṣe lórí wákàtí. "Taxe pas mes Mo" la pariwo títí wọ́n fi fagi lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Mẹ́gà kan náà sì ni mẹ́gà níbi gbogbo. Ìwé PDF tó jẹ́ mẹ́gà 12 lórí fóònù kò ní di 30 torí pé kọ̀ǹpútà ló gbà á.

Kí ló wá ń jẹ ẹ́? Àbúrò kan tó ń kọ mémoire, ìwé àṣekágbá iléèwé rẹ̀, wá bá mi, ojú ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mẹ́gà 500 ni mo rà, lẹ́tà kan péré ni mo fi ránṣẹ́, ó ti tán." Mo ṣí Paramètres, mo wọ Réseau et Internet, mo tẹ Utilisation des données. Lẹ́tà rẹ̀ kò tó mẹ́gà 2. Àtúnṣe (mise à jour) tí kọ̀ǹpútà ń gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kó èyí tó lé ní 300 lọ, ètò kan sì tún ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù mọ̀ pé SIM lòun ń lò, ó máa ń ṣọ́ra. Wi-Fi lásán ni kọ̀ǹpútà rí, ó rò pé ti ilé tí kì í tán ni, ló bá tú ara sílẹ̀. Fídíò náà ńkọ́? Ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀, fídíò lè lọ mú àwòrán tó mọ́ gan-an, 1080p, tí píksẹ́lì rẹ̀, àwọn àmì kéékèèké tó di àwòrán, jẹ́ ìlọ́po 9 ti 360p. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín dín in kù.

Fún ìyókù, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí fóònù yín ń gbé jáde nínú Paramètres Windows, kí ẹ wá tan Connexion limitée, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé dátà yìí níwọ̀n. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe á dúró títí ẹ ó fi dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀. Tó bá jẹ́ okùn USB lẹ fi so wọ́n, abẹ́ Ethernet lẹ máa ti rí i. Orúkọ Wi-Fi kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀: ọjọ́ tí àbúrò yẹn yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, ó ní láti tan án lákọ̀tun.