Kóòdù kan, mẹkáníìkì mẹ́ta, owó mi ti tán

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún àwọn mẹkáníìkì Àjàṣẹ́ yìí pé kóòdù, nọ́ńbà àléébù tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀, ni orúkọ páátì tí èèyàn máa lọ rà?

Corolla 2004 ni mo ń wà. Ó ti dàgbà, mo mọ̀. Ọjọ́ tí mò ń ti Kétu bọ̀ ni iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, bọ abẹ́ sitiarí, P0171 ló yọ. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, ló kú. 35.000 sẹ́fà! Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pa kóòdù rẹ́, iná kú. Ní ọjọ́ kẹta, mi ò tíì sọ̀ lórí afárá tán, ó tún tàn.

Kóòdù yẹn ò sì bá sẹ́ńsọ̀ kankan wí. Ohun tó ń sọ ò ju pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì ti pọ̀ ju èyí tí epo ibẹ̀ nílò lọ, kọ̀ǹpútà fi epo kún un títí, apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an ló rí i tó fi ké! Ilé ń jó, ẹni tó pariwo ni ẹ̀ ń nà.

Ẹnì kejì ní kpayo, epo fàyàwọ́, ló fà á. Ó dáa, èmi náà ò lè gbèjà epo inú ìgò ẹ̀gbẹ́ títì. Mo fi oṣù méjì ra epo ní ibùdó epo gidi, kóòdù ò mira. Ló bá ní póńpù epo ni, ó pààrọ̀ rẹ̀, 60.000. Nígbà tí iná tún tàn, ẹ gbọ́ o, ó ní kí òun kúkú yọ gílóòbù rẹ̀, kí ojú mi má máa rí i. Gílóòbù!

Ẹnì kẹta kàn tú orí bátìrì, ó dè é padà, ó gba 5.000. Iná kú lóòótọ́, nítorí títú bátìrì máa ń pa kóòdù rẹ́, kọ̀ǹpútà sì máa ń fẹ́ rí àléébù yẹn nínú ìrìn méjì tó tẹ̀léra kó tó tún tan iná. Àárín ìrìn méjì yẹn ni wọ́n ti ń jẹun.

Mo wá ra skánà kékeré tèmi. Mo wo nọ́ńbà tó ń fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún epo: tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fò dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí mo bá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bọ́ sí 6. Afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ nìyẹn. Mo tẹ́tí, mo gbọ́ ṣìì. Róbà tín-ín-rín kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ló gan bí àkàrà ọjọ́ mẹ́ta, tó là lábẹ́. Mo fi àtàǹpàkò dí i, ohùn ẹ́ńjìnì yí padà lójú ẹsẹ̀. 2.500 ni mo ra òmíràn. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!

Mo lọ bá ẹnì kejì pé kó fún mi ní póńpù mi àtijọ́, ṣebí kò sóhun tó ṣe é. Ó ní òun ti tà á fún oníbàárà kan tí póńpù tirẹ̀ kú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."