Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ìyá Wa Náà Gbọ́dọ̀ Sùn

Oṣù méje gbáko ni Àǹtí tó ń tọ́jú màmá wa fi sùn lórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, mi ò sì mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Màá débẹ̀ bí aago mọ́kànlá àárọ̀, màá bá ilé ní gbígbá, màá bá màmá lórí àga, pọ́dà lọ́rùn, irun ní dídì. Màá dúpẹ́, màá fi owó oúnjẹ sílẹ̀, màá tètè wọkọ̀ padà sí Kétu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ tí òjò dá mi dúró ni mo tó sùn síbẹ̀. Bí aago méjì òru, mo gbọ́ tí màmá ń pe àbúrò wọn tó ti kú láti 1998. Kí n tó fẹsẹ̀ wá bàtà nínú pálọ̀, Àǹtí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n yí màmá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n fa aṣọ tó ti tutù kúrò lábẹ́ wọn, wọ́n ń sọ pé, "Mo wà ńbí o, màmá, mo wà ńbí." Aago mẹ́rin, wọ́n tún dìde. Aago márùn-ún ààbọ̀, omi ti wà lórí iná.

Láti òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ nínú mi. Ẹni tó ń bá òbí wa gbé láti tọ́jú wọn, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lóògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má sì bá a lò bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí a bá ń fi ìyà jẹ ẹ́, ara òbí wa ni ìyà náà ti máa jáde.

Ní 2023 ni rọpárọsẹ̀ mú màmá wa, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ọmọ mẹ́rin ni wá: Bọ̀dá wa wà ní Port Harcourt, èmi wà l'Ékòó, àbúrò mi ọkùnrin wà n'Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn wa obìnrin wà ní Ìlú Ọba. Mo kọ́kọ́ gbé màmá wá sọ́dọ̀ mi. Àjà kejì ni mò ń gbé, bí wọ́n bá ti wọlé, wọn ò tún lè rí ìta mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wo ògiri, wọ́n wá ní, "Ẹ dá mi padà sílé ọkọ mi." Mi ò lè bá wọn jiyàn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, wọ́n ń rí ẹni tó ń lọ sọ́jà, wọ́n ń kí i, ó ń kí wọn. Èyí tó kù nínú ayé wọn nìyẹn.

Àwọn mọ̀lẹ́bí pòwe fún wa: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá wa ń pa òwe yẹn, agbo ilé kún. Bí ìyàwó kan lọ oko, èkejì wà nílé, ọmọ-ọmọ ń sáré káàkiri àgbàlá. Ẹnì kan kì í dá àgbàlagbà tọ́jú nígbà yẹn. Àwa ti tú ká tán, a wá ń wá ẹnì kan ṣoṣo kó wá ṣe iṣẹ́ tí odidi agbo ilé ń ṣe, a sì fẹ́ kó kéré lówó.

Ájẹ́ǹtì ló mú ẹni àkọ́kọ́ wá. Ó ní ọmọ náà ti pé ọdún méjìdínlógún. Mo bi ọmọ náà ní ọdún tí wọ́n bí i, ojú ájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ wò kó tó dá mi lóhùn. Ó yẹ kí n ti dá wọn padà níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti wà nílẹ̀ yìí láti 2003, bí kò bá tiẹ̀ sí òfin kankan, ó yẹ kí ojú mi sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ sáà ọ̀tun ni, ọ̀gá iléèwé mi ti ń kùn nítorí ọjọ́ tí mo pa jẹ, mo san owó oṣù àkọ́kọ́ fún ájẹ́ǹtì pẹ̀lú owó ọkọ̀, mo padà s'Ékòó.

Láàárín oṣù méjì, egbò yọ sí màmá nídìí. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, nígbà tó máa fi bẹ́, ó ti tó ìdérí ìgò. Nọ́ọ̀sì tó wá wẹ̀ ẹ́ ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun á máa tẹ ẹran ara mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹran á sì kú. Ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé níbẹ̀ ni egungun ti sún mọ́ awọ. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí á máa yí aláìsàn padà, àti òru àti ọ̀sán. Ta ló sọ ìyẹn fún ọmọ yẹn? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi ni mo sì pariwo mọ́ ọn jù lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ó ṣí géètì láàárọ̀, ó lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ájẹ́ǹtì pè pé òun ní òmíràn, kí n fi owó oṣù kan mìíràn ránṣẹ́. Ojú ọmọ yẹn ṣì ń yọ sí mi. Ì bá wù mí kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì màmá ló wá bá wa rí Àǹtí. Opó ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, wọ́n ti ṣe òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn aládàáni fún ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé màmá dìde, wọ́n á ká ìró àtijọ́ kan bí ọ̀já, wọ́n á fi yí màmá níbàdí, wọ́n á tẹ orúnkún tiwọn, wọ́n á mi màmá síwájú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, màmá ti dúró. Wọn kì í fa apá tó ti rọ, torí pé èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Bí wọ́n bá ń fún màmá lóúnjẹ, màmá á jókòó gbọnrangandan, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì, síbí kékeré, wọ́n á sì dúró kí èyí tó wà lẹ́nu lọ tán. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí màmá tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Rọpárọsẹ̀ máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, oúnjẹ lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ohun tó sì ń pa ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn nígbà tí a bá rò pé wọ́n ti bọ́.

Wọ́n tún ní ìwé kan, ìwé àwọn ọmọ iléèwé lásán. Wọ́n ń kọ ohun tí màmá jẹ, ìgbà tí wọ́n tọ̀, oògùn tí wọ́n lò. Mo ya fọ́tò ojú ìwé kan: "6:40. Ẹ̀kọ ààbọ̀ kọ́ọ̀bù. Ìtọ̀ dúdú. Oorun pọ̀ jù. Wọn ò mọ̀ mí." Ìlà mẹ́rin yẹn ló jẹ́ kí a gbé màmá lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kòkòrò àrùn ló ti wọ ojú ìtọ̀ wọn. Lára àgbàlagbà, àrùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà pariwo bí ibà, ọpọlọ wọn ló máa ń dà rú, àwọn ará ilé á ní ogbó ló dé. Nígbà tí a sì gbé màmá lọ sí ibi ìtọ́jú àwọn àgbà ní UCH Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè, tó ti wà láti 2012, dókítà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwa ọmọ, à ń wo ara wa. Àǹtí ló ń dáhùn látorí ìwé wọn.

Ẹni tó mọ gbogbo èyí la tẹ́ sórí ẹní.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ìdílé wa, ohun àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá wa sọ ni pé, "Ṣebí wọ́n ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́?" Mi ò lè bínú sí wọn, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Oorun tí wọ́n ń jí ọ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru, iṣẹ́ ni. Oúnjẹ tí ò ń fi ọwọ́ kan jẹ, tí ọwọ́ kejì ń nu itọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, iṣẹ́ ni. Mo mú bírò. 45,000 náírà là ń san lóṣù. Ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí 24 lójúmọ́, ó jẹ́ wákàtí 720. Náírà 62 àti kọ́bọ̀ 50 ló bọ́ sí ní wákàtí kan. Owó ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọjà ju ìyẹn lọ.

Láti oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti di 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 sílẹ̀, ilé ta ló ní òṣìṣẹ́ 25? Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn wa láti béèrè èló là ń san fún ẹni tó ń wẹ ìyá wa. Àfi kí àwa fúnra wa béèrè.

Àbíkẹ́yìn wa ló sọ èyí tó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ní Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú níbẹ̀ ní oṣù Kejì 2022, ó wà lára àwọn tó sáré gbé ìwé wọn sílẹ̀, ó sì lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kí wọ́n tó sọ ní oṣù Kẹta 2024 pé olùtọ́jú kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àti kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn yẹn pa ní oṣù Keje 2025 fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ó ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbàlagbà kan ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó ní yàrá tirẹ̀. Wákàtí méjì lójúmọ́, ẹlòmíràn á wá dúró ti ìyá náà, òun á jáde lọ rìn. Bó bá ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á lọ sinmi nílé. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ń sunkún: "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn, mo sì ń rí ìsinmi. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá tèmi kò rí. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́, mo rò pé ó ti tó."

A jókòó, a kọ ìwé, ojú kan péré, ní Yorùbá, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Owó Àǹtí di 90,000. Wọ́n ní yàrá, bẹ́ẹ̀dì, àti kọ́kọ́rọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé dé ìrọ̀lẹ́ Àìkú, wọn ò sí nílé, ọ̀kan nínú wa ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ìbátan wa kan ń wá láago méjì ọ̀sán dé mẹ́rin lójoojúmọ́. Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, obìnrin kan ládùúgbò ń wá sun ti màmá, 30,000 là ń fún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120,000. Àwa mẹ́ta là ń pín in ní 40,000. Àbúrò mi tó wà n'Ìbàdàn kò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ báyìí, òun ń fi ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sátidé méjì lóṣù, mi ò sì rí ẹnì kankan nínú wa tí ìdásí rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. A tún fẹnu kò pé èmi nìkan ni màá máa bá Àǹtí sọ bí nǹkan á ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ń pe fóònù, èyí ní kí wọ́n fún màmá ní àgbo, èyí ní kí wọ́n má fún wọn, èyí ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà yí màmá ká.

Ẹlòmíràn á sọ pé òun ò ní 40,000. Mo gbà. Ẹ dá ọjọ́ kan nígbà náà. Ẹ rán ẹ̀gbọ́n, ẹ rán ọmọ ìyàwó, ẹ bẹ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù, kí ẹni yẹn ṣáà lè fi wákàtí díẹ̀ sùn.

Sátidé àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo rò pé mo mọ màmá mi. Ìwẹ̀ nìkan gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọwọ́ òsì wọn ti di ìkúùkù láti ìgbà àìsàn, kì í dá là. Àǹtí ti fi hàn mí: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n rẹ ọwọ́ náà sínú rẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, kí n má fipá ṣe é. Nígbà tó là, àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun, ojú èékánná mẹ́rin ti kọ sínú rẹ̀. Mo nù ún gbẹ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ kékeré tí Àǹtí ká sílẹ̀ há a láàárín. Lóru, màmá pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yìn mi kò ṣeé tẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Àìkú, Àǹtí wọlé, wọ́n ti di ṣùkú. Màmá yí ojú sí wọn, ọ̀rọ̀ wọn ṣì máa ń lọ́ díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rí oorun sùn?"

Àǹtí ní, "Mo sùn, màmá. Mo sùn títí oòrùn fi ràn."