Léèsì Lọ́yà

(Ìsọ̀ àmàlà Ìyá Rísí ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Tíṣà ń lá ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Rísí na fóònù sí i.)

ÌYÁ RÍSÍ: Tíṣà, ẹ bá mi kọ tẹ́ẹ̀sì sí Lọ́yà. Àmàlà ọjọ́ mẹ́sàn-án, tòun ti ṣàkì! Tí mo bá fi Yorùbá béèrè owó mi, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Òyìnbó ni kí ẹ fi bú u. Ẹ sọ pé ojú ò tì í.

TÍṢÀ: Kò le. "You are shameless."

ÌYÁ RÍSÍ: Ṣémù kí ni?

TÍṢÀ: Léèsì.

ÌYÁ RÍSÍ: Ti Austria àbí ti Ṣáínà? Àńkárá lèmi fi ṣọdún Iléyá, ẹ wá fẹ́ kó léèsì fún onígbèsè!

TÍṢÀ: Kì í ṣe aṣọ, mà. "Tí kò ní" ló túmọ̀ sí. Ẹni tí kò ní ìtìjú.

ÌYÁ RÍSÍ: Èwo wá ni ṣémùfúlù tí Rísí ń sọ lánàá?

TÍṢÀ: Shameful ni ti ìwà, shameless ni ti oníwà. Kéèyàn jẹ àmàlà àwìn fọ́jọ́ mẹ́sàn-án, shameful nìyẹn. Ẹni tó jẹ ẹ́ tán, tó wá ń tayín kọjá níwájú yín, shameless ni.

ÌYÁ RÍSÍ: Ẹ dúró ná. Fúlù, bíi ti epo mọ́tò, ṣebí ó kún ni?

TÍṢÀ: Ó kún.

ÌYÁ RÍSÍ: Ìtìjú wá kún nǹkan, ó tún di èébú?

TÍṢÀ: (Ó ń họrí.) Careful dáa, careless ò dáa. Shameful ò dáa, shameless náà ò dáa. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

ÌYÁ RÍSÍ: Àwọn gan-an lojú ò tì! Ẹ fi fúlù ránṣẹ́. Gbèsè mi kún, kí èébú náà kún.

TÍṢÀ: Kò ní bá ẹnu mu o, mà...

ÌYÁ RÍSÍ: Ṣé ẹ ṣì fẹ́ pọ̀nmọ́ yìí?

(Tíṣà tẹ̀ ẹ́ kíá: "You are shameful." Lọ́yà tí kò gbé ìpè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù fi dún.)

ÌYÁ RÍSÍ: Álátì nìyẹn! Ó ti sanwó! Ẹ kà á!

TÍṢÀ: "Madam, the correct word is shameless."

ÌYÁ RÍSÍ: Kí ló wí?

TÍṢÀ: Ó ní fúlù kọ́ ló bá òun mu. Léèsì ni.

ÌYÁ RÍSÍ: Rísí! Gbé ìgbálẹ̀ wá! Ó jẹ àmàlà, kò sanwó, ó tún ń béèrè aṣọ!