Iṣẹ́ sójà kò mọ sójú ogun

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé sójà tí kò bá sí lójú ogun, owó ọ̀fẹ́ ló ń gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Àbúrò mi, ọmọ Iléṣà níbí, wà lára àwọn sójà tó ń fi párásúùtù bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù. Òun ló ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa nínú wọn. Kò tíì débi ogun rí o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dánra wò, òun náà á fò tàpò-tàpò oògùn, torí ibi tí wọ́n ti ń balẹ̀ gan-an lọrùn ẹsẹ̀ ti ń rọ́, tí orúnkún ń yẹ̀.

Nígbà tó gba ìsinmi wálé, mọ́tò gbá ọlọ́kadà kan níṣojú wa lọ́nà Àkúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà nítan rẹ̀, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Àbúrò mi gba ìborùn mi, ó dì í le sókè ojú ọgbẹ́, ó fi igi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó wá gba báírò, ó kọ aago síwájú orí ọkùnrin náà, 4:10, kí dókítà lè mọ ìgbà tó ti dì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Tèmi ń gbọ̀n.

Ọlọ́kadà yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìròyìn yẹn kọ.