Ọgọ́rùn-ún òtítọ́, ọgọ́rùn-ún irọ́

Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ọmọ olówó tó jogún tán, tó ní igi lòun fẹ́ fi owó bàbá òun gbìn n'Ìjẹ̀bú, òun gan-an ni òwe yìí ń bá wí. Ó dùn ún kéde láàárín Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ojúde Ọba pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá igi ti wọlẹ̀. Ta ni yóò lọ kà wọ́n lẹ́yìn ọyẹ́?

Bí igi bá fi mítà 3 jìnnà síra, hẹ́kítà kan ò gbà ju bí 1,100 lọ. Ẹni tó ní òun gbin 10,000 sórí hẹ́kítà 3, ìṣirò ti tú àṣírí ẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé tọwọ́ bọ̀wé kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Òjò oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni kó o fi gbìn. Igi oṣù kẹwàá, ọ̀gbẹlẹ̀ ló máa bá a. Kí kòtò jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá inú nọ́sìrì ńkọ́? Alágbàṣe tó ń kánjú kì í ya á. Gbòǹgbò á máa yí ara rẹ̀ po nínú ọ̀rá, tó bá dọdún kejì, o fà á díẹ̀, ó yọ bí ẹni fa ewédú. Ro ìdí rẹ̀ ní mítà kan yíká, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́, torí ewé Akíntọ́lá (àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀, kí ará Ìkẹ́nnẹ́ má bínú) máa ń bò ó, ó sì ń gbé iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Má gbin ìrókò nìkan: kòkòrò á mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ wú, kó sì kú. Ọ̀gànwó náà, ìdin ń jẹ orí rẹ̀, igi á wá pẹ̀ka nísàlẹ̀, pákó ò ní sí níbẹ̀. Fi afàrà àti arère là wọ́n láàárín.

Tèmi ni pé igbó tó ṣì dúró ló yẹ kówó kọ́kọ́ lọ. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977 mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò, erin ṣì wà níbẹ̀, oko kòkó sì ń jẹ ẹ́ wọlé. Owó oṣù ẹ̀ṣọ́ igbó ló ṣe kókó níbẹ̀, kì í ṣe igi tuntun.

Bó bá sì jẹ́ gbígbìn ni, san ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó alágbàṣe nígbà tí igi bá wọlẹ̀, 30 lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, 30 tó kù lẹ́yìn ọyẹ́ kejì. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o yan ìlà tí wọ́n ti máa ka igi tó yè. Ìlà ẹ̀bá títì ni wọ́n máa ń bomi rin.