Ẹ Bá Wa Ṣírò Lamborghini Yìí

Ní Ìkòròdú báyìí, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rí owó tó ju ti Camry lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì débi Lamborghini, ọkọ̀ eré olówó gọbọi, ẹ má wulẹ̀ bi í níbi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló ń lọ.

Àṣà tó gbòde nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò lówó bàtà gidi á ra ayédèrú ní Sábó, á wọ̀ ọ́ lọ sóde ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bàtà ayédèrú kì í padà wá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ní báyìí ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe láyédèrú, wọ́n fẹ́ sọ Camry di Lamborghini, fúnra wọn ni wọ́n sì fẹ́ ṣe é, torí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé ó pọ́ọ́kú.

Ìṣirò náà wà lórí fóònù, kì í ju ìlà márùn-ún lọ: Camry Muscle tó ti forí gbá nǹkan, irin, fáíbà, ọ̀dà, owó iṣẹ́. Ọmọ wa á rò ó pọ̀, á ní mílíọ̀nù 8. Lamborghini ní mílíọ̀nù 8! Àwọn ọ̀rẹ́ á ti máa kí i kú oríire kí wẹ́dà tó tan iná sí irin. Ẹni tí wọ́n bá sì ti kí kú oríire, ó ti di dandan fún un láti ra ọtí.

Èmi ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ọkọ̀. Mo mọ ohun tí Lamborghini Countach ṣe fún ojú àwa tá a dàgbà nígbà yẹn: ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe láti 1974 títí di 1990, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè dípò ẹ̀gbẹ́. Ìlà márùn-ún yẹn ni mo ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká mú fáíbà nìkan, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n ń fi ṣe ara ọkọ̀. Ọmọ wa rò pé èèyàn kàn ń ra fáíbà, tí yóò sì di ọkọ̀. Rárá o. Ẹ ó kọ́kọ́ fi pákó, fóòmù àti body filler ṣe odidi ọkọ̀ náà bó ṣe máa rí, ẹ ó fi sáńpépà yún un títí tí apá yóò fi wó. Orí ìyẹn lẹ ó ti wá fi fáíbà ṣe móòdù, ìyẹn àpẹẹrẹ oníhò tí wọ́n ń mọ ara ọkọ̀ nínú rẹ̀. Inú móòdù náà lẹ ó sì tún ti fi fáíbà ṣe ara ọkọ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe ara ọkọ̀ yìí kí ẹyọ kan tó jáde! Ilé iṣẹ́ tó ń tà á lókè òkun máa ń pín owó móòdù sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Ọmọ wa ní Àgrìkì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé ẹyọ kan lórí. Lẹ́yìn náà, móòdù á wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, adìẹ á máa yé sínú rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni èrè rẹ̀ sì ti máa ń wọlé.

Rẹ́sìn ńkọ́, àtè tí wọ́n ń fi rin fáíbà kó lè le? Máàtì fáíbà kílò kan ń mu rẹ́sìn bíi kílò 2 sí 2 àbọ̀, àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní kílò kan sí kílò kan ló ń sáré padà lọ sọ́jà. Catalyst tó ń mú un gan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tó bá pọ̀ jù, pẹ̀lú oòrùn ọ̀sán Ìkòròdú, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni rẹ́sìn yóò ti gan kí búrọ́ọ̀ṣì tó débẹ̀. Ẹni tó ń dà á bí ẹni ń da epo sẹ́fọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ra rẹ́sìn. Wẹ́dà á sì wò ó lójú, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má ṣèyọnu, ó ku díẹ̀." Kò sí gbólóhùn tó wọ́n tó ìyẹn ní gbogbo Ìkòròdú.

Ká tiẹ̀ ní ara ọkọ̀ ti parí. Kí ló fẹ́ gbé e lé? Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ní Ìlú Ọba, títí di 1973, ẹni tó ra ọkọ̀ ní túká tó lọ tò ó fúnra rẹ̀ kì í san owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tó ti parí. Wọ́n mú VAT, owó orí ọjà tó kan túká náà, dé lọ́dún yẹn, àǹfààní náà sì tán. Ní Amẹ́ríkà, Pontiac Fiero tí wọ́n ṣe láàárín 1984 sí 1988 ni wọ́n sáré sí, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀ bíi ti ọkọ̀ eré gidi, ara rẹ̀ sì jẹ́ ike tí wọ́n dè mọ́ egungun irin. Ẹ tú ike náà kúrò, egungun ṣì dúró ṣinṣin.

Camry kò rí bẹ́ẹ̀. Ara Camry ni egungun rẹ̀. Ìgbà tí wẹ́dà bá gé òrùlé àti òpó rẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè kúrú, agbára ọkọ̀ náà ló gé dànù. Á wá máa jó irin mọ́ ọn láti dá agbára padà, irin lórí irin, títí ọkọ̀ eré yóò fi wúwo ju Camry tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Lamborghini Aventador tí wọ́n ń wò, tó jáde ní 2011, ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì 12 tó jẹ́ lítà 6.5 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, agbára ẹṣin 700. Tiwa, púlọ́ọ̀gì 4, iwájú ló sì wà. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ ó bá sípíà táyà àti jáàkì. Kí ariwo lè jọ ti gidi, wọ́n gé sàlẹ́ńsà. Eré kò sí, ariwo wà.

Táyà kò sí nínú ìlà márùn-ún yẹn. Ìwọ̀n táyà ẹ̀yìn Aventador, 335/30 R20. Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn tọ fọkanáísà ní Ògólonto lọ, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Gíláàsì iwájú kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, gíláàsì kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ mọ. Ti Camry náà ni wọ́n padà lò, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Lamborghini tí iwájú orí rẹ̀ ga lọ́nà tí kò bófin mu. Iná iwájú, ìdè ilẹ̀kùn, iṣẹ́ réwáyà, dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò síná: ẹ má jẹ́ n ka gbogbo rẹ̀ tán. Kódà àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ àtòṣe lókè òkun sábà máa ń kọ ọ́ síwèé pé iye tí wọ́n dá kò kan ẹ́ńjìnnì, jíà, táyà àti ọ̀dà. Àwọn ọmọ wa kì í ka ìlà yẹn.

Ìwé ọkọ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Toyota, ara rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Lamborghini, ẹni tó wà ní sítíárìn sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá dá a dúró. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣàlàyé níbí. Ní oṣù Keje 2019, ọlọ́pàá Brazil ti ilé iṣẹ́ bàbá àti ọmọ kan pa ní ìlú Itajaí nítorí pé wọ́n ń ṣe ayédèrú Ferrari àti Lamborghini.

Ọ̀nà wa ńkọ́? Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, lójú ọ̀nà Ìtọ́ìkín! Ọkọ̀ náà kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi ọjọ́ ìbí tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Wọ́n fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e lọ, wọ́n já a sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọmọ wa wọlé sínú rẹ̀, ó rìn ín díẹ̀ dé iwájú gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn ṣí sókè, fọ́tò gbà á. Wọ́n tún gbé e padà. Owó agbọ́kọ̀ nìkan, lálọ àti lábọ̀, aláṣejù nìkan ló lè san án láì bú sẹ́kún.

Ẹ sì wò ó, ìlú kan náà ló bí Ikorodu Bois. Kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ìkòkò ìdáná làwọn ọmọ yẹn fi ń ṣe àwòkọ fíìmù ńláńlá, gbogbo ayé rí i pé ìkòkò ni, kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Netflix ló kó ohun èlò wá fún wọn ní 2020. Àwòkọ tiwọn mówó wọlé. Tọmọ wa ti jẹ owó àjọ, ó ti jẹ owó ẹja tí ìyá rẹ̀ ń kó láti Báyékú, mílíọ̀nù 8 ti kọjá 20, ìlẹ̀kùn kan ò sì tíì lè padé dáadáa.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ tà á. Oníbàárà kan wá láti Ládípọ̀, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó yí ọkọ̀ náà po, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọjà yín dáa o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú nǹkan yìí kúrò lára rẹ̀, kí n lè rí Camry náà."